Jane Eyre Márùn-ún, Ìyálé Kan: Èwo Ni Kí Ẹ Wò?

Àbúrò mi tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní OAU fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Àwọn fíìmù Jane Eyre tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Èwo ni kí n wò? Dátà ọwọ́ mi ò lè gbé ju ẹyọ kan lọ." Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n ní kó lọ ka ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi náà wà ní Mọ́remí Hall, fíìmù ni mo kọ́kọ́ wò, ìwé ló tẹ̀ lé e. Mo bá panu mọ́.

Mo kó márùn-ún jọ sórí láptọ́ọ̀pù, mo wọkọ̀ ní Ifẹ̀, mo gba Òṣú kọjá, ó di ọ̀dọ̀ Màmá ní Iléṣà. Wọ́n ní ìnfátà, wọ́n sì lẹ́nu. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò ka ìwé yìí rí, èmi náà ò sì sọ ìparí rẹ̀ fún wọn. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wo gbogbo rẹ̀ tán. Mo ti ní òṣùwọ̀n tèmi nílẹ̀ kí n tó lọ: ṣé ohùn Jane la ń gbọ́ àbí ti ọkùnrin náà? Ṣé wọ́n fi arẹwà ṣe ẹni tí ìwé ní kò rẹwà? Màmá gba òṣùwọ̀n náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fún mi ní òmíràn.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: Charlotte Brontë ló kọ ọ́, ó jáde ní 1847, àmọ́ Currer Bell ni orúkọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé obìnrin ló kọ ọ́. Ọmọ òrukàn ni Jane. Ìyàwó arákùnrin ìyá rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ títí, ó wá gbé e jù sí Lowood, ilé ẹ̀kọ́ tí ebi àti òtútù ti ń bá àwọn ọmọ jà. Ó dàgbà, ó di tíṣà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó rí iṣẹ́ kan ní ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Thornfield. Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti lẹ́sìn tíṣà wa, àfi pé inú ilé ọmọ tó ń kọ́ ló ń gbé. £30 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún. Rochester tó ni ilé ti fẹ́ẹ̀ tó ọmọ ogójì ọdún, Jane jẹ́ ọmọ 18. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n dé iwájú àlùfáà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n so wọ́n pọ̀, ni lọ́yà kan bá dìde láàárín ṣọ́ọ̀ṣì bí Òṣómàáló tó wá lóṣòó de onígbèsè: ọkọ ìyàwó yìí níyàwó láàyè. Ó ti fẹ́ Bertha ní Jàmáíkà láti ọdún 15 sẹ́yìn. Orí obìnrin náà ti dàrú, ọkọ rẹ̀ sì tì í mọ́ yàrá òkè nínú ilé tí Jane ń sùn sí gan-an.

Màmá ju ṣíbí ọwọ́ wọn sínú abọ́. "Áà! Ìyálé ń bẹ lókè!"

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Bertha mọ́ nínú ilé wa. Ìyálé ni. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì ya Màmá lẹ́nu, ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tó bí wọn fẹ́. Ohun tó bí wọn nínú ni pé nílé tiwa, ìyálé ló ń gba ìyàwó wọlé. Ta ni í fi ìyálé pamọ́? Mo ṣàlàyé pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò gbà kí ọkùnrin kọ ìyàwó nítorí pé orí rẹ̀ dàrú, kò sì gbà kó fẹ́ ìkejì lé e, bí ó ti rí lónìí fún ẹni tó bá ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù ní Nàìjíríà. Wọ́n ní àwọn gbọ́. "Kí ló wá dé tí kò sọ fún ọmọ ọlọ́mọ?" Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù tuntun báyìí, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé: eléyìí ńkọ́, ṣé á jẹ́ ká rí ìyálé?

Nínú ti 1943, wọn ò jẹ́ ká rí i. Èyí ló kọ́kọ́ jáde nínú márùn-ún náà. Robert Stevenson ló darí rẹ̀, Orson Welles ni Rochester, Joan Fontaine ni Jane. Dúdú àti funfun ni, wákàtí kan àti ààbọ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá òkè, ojú àwọn tó ń wò ó ni kámẹ́rà ń fi hàn wá, kò fi ojú ìyálé hàn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìkúùkù, ìjì àti òjìji gígùn lára ògiri á gbádùn rẹ̀, orin Bernard Herrmann náà sì ń mú ara ẹni bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ohùn Welles kún ilé débi pé Jane fẹ́ẹ̀ di àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tó ṣe Helen Burns, ọ̀rẹ́ Jane tó kú ní Lowood. Ẹ wò ó dáadáa: Elizabeth Taylor ni, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn òṣèré.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí lè kó akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà. Ìwé kan ṣí, ojú ewé rẹ̀ hàn gedegbe, ohùn Jane sì ń kà á pé ọdún 1820 ni wọ́n bí òun. Ó jọ pé ìwé Brontë gan-an ni wọ́n ṣí. Kò síbi tí gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé Brontë; àwọn tó kọ fíìmù ló hun ún. Mo kìlọ̀ fún àbúrò mi pé bó bá kọ ọ́ sínú ìdánwò, kó má sọ pé èmi ni mo ní kó wo fíìmù. Wọ́n tún yọ St John Rivers kúrò pátápátá, ìyẹn pásítọ̀ tó gba Jane sílé lẹ́yìn tó sá kúrò ní Thornfield, tó wá fẹ́ kó fẹ́ òun kí wọ́n jọ lọ ṣe míṣọ́nárì ní Íńdíà. Orúkọ Rivers kàn wà lára dókítà kan ní Lowood. Ọ̀nà tí Jane ì bá gbà, tí kò gbà, ti dí pa.

Èmi kì í bínú sí ìyípadà ṣá o. Ní Ifẹ̀ níbí ni Ọlá Rótìmí ti gbé ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1968 nínú The Gods Are Not to Blame, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí tí ọba náà fi ń jẹ́ Ọdẹ́wálé. Ohun tí mo kórìíra ni kéèyàn yí ọ̀rọ̀ padà, kó tún ya ojú ewé ìwé lé e lórí.

Ti BBC ní 1983 kò ṣe irú ìyẹn rárá. Apá 11 ni, apá kọ̀ọ̀kan tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju wákàtí márùn-ún lọ. Zelah Clarke ni Jane, Timothy Dalton ni Rochester. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni wọ́n ń sọ, nígbà mìíràn odindi ìpínrọ̀. Ìwé ní orí 38, fíìmù yìí kò sì fo púpọ̀ nínú rẹ̀: Lowood wà níbẹ̀ dáadáa, St John wà níbẹ̀. Kódà ibi tí Rochester ti múra bí ìyá arúgbó aláfọ̀ṣẹ, tó wá ń wo ọwọ́ àwọn àlejò tirẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, tí àwọn fíìmù kúkúrú máa ń sá fún, Dalton fi ara rẹ̀ ṣe é pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀.

Ó ní àléébù. Inú yàrá tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì hàn: iná mọ́lẹ̀ jù, àwọn òṣèré ń dúró sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí ìtàgé. Dalton náà tún rẹwà jù. Nínú ìwé, Rochester bi Jane tààrà bóyá òun rẹwà, Jane ní rárá, sà. Ẹni tó di James Bond ní 1987 ló ń bi í níhìn-ín. Jane ní rárá. Màmá pàtẹ́wọ́: "Irọ́ ńlá! Kò kàn fẹ́ kí orí ọkùnrin náà wú ni." Àmọ́ nínú márùn-ún, èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí ó rán wọn létí eré orí tẹlifíṣọ̀n ìgbà tí àwọn aládùúgbò máa ń wá jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ láti wò ó. Ìyálé tibẹ̀ rí bí ìwé ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀: irun wúruwùru, ó ń fo mọ́ni. Inú Màmá kò dùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Ti 1996 kò ní gbà wá lásìkò. Franco Zeffirelli ló darí rẹ̀. Charlotte Gainsbourg ní ojú Jane gan-an, ojú ẹni tó ń ro ohun tí kò ní sọ. Anna Paquin ló sì ṣe Jane nígbà tó wà lọ́mọdé, oníjọ̀gbọ̀n tó wù mí. Ṣùgbọ́n William Hurt ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, ìparí ìwé sì di eré sísá. Ohun kan péré ni mo rí mú níbẹ̀. Maria Schneider tó ṣe ìyálé kò ṣe é bí ẹranko, obìnrin tí ayé ti sú ló ṣe. Bí ẹ bá ti rí méjì nínú àwọn yòókù, ẹ fo èyí.

Ó wá ku méjì tí àwọn èèyàn sábà máa ń jà lé lórí, ti 2006 àti ti 2011. Ibí gan-an ni àbúrò mi ti nílò ìrànlọ́wọ́, torí àwọn méjèèjì ló rọrùn jù láti rí.

BBC náà ló ṣe ti 2006, apá mẹ́rin, ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Susanna White ló darí rẹ̀, Sandy Welch ló kọ ọ́, Ruth Wilson ni Jane, Toby Stephens ni Rochester. Ohun tí wọ́n rí tí ọ̀pọ̀ kò rí ni pé àwọn méjì yìí fẹ́ràn láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo ẹnu Ruth Wilson nígbà tó bá ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín: ètè òkè rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, á fi eyín di ti ìsàlẹ̀ mú, ojú rẹ̀ á sì tú u fó. Nínú ibi mélòó kan bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbà pé ọmọ 18 lè rí nǹkan kan lára ẹni ogójì ọdún yàtọ̀ sí owó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti rọ̀. Welch tú ọ̀rọ̀ inú ìwé palẹ̀ sí èyí tí à ń sọ lẹ́nu. Ìyẹn dára fún wíwò, kò dára fún ẹni tó fẹ́ há ọ̀rọ̀ Brontë sórí.

Ìyálé ti 2006 ni Màmá dìde jókòó wò. Wọ́n fi Jàmáíkà hàn wá nígbà tí Rochester ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ, oòrùn ń ràn, aṣọ ń tàn. Obìnrin tó rẹwà ni, èèyàn kan sì ti wà rí kó tó di pé wọ́n tì í mọ́lé. Nínú ìwé, £30,000 ni bàbá rẹ̀ so mọ́ ọn, owó náà sì ni bàbá Rochester tìtorí rẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Jàmáíkà lọ gbéyàwó. Mo ka iye náà fún Màmá. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Wọ́n gbowó ìyálé kọ́lé, wọ́n wá tì í mọ́ inú rẹ̀."

Ẹ má wò ó pẹ̀lú bàbá yín o. Lẹ́yìn ìgbéyàwó tó dàrú, fíìmù yìí fi wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Rochester ti ń bẹ Jane pé kó má lọ. Aṣọ wà lọ́rùn wọn, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ju ìfẹnukonu lọ, síbẹ̀ mo rí i pé mo ń wá nǹkan tí kò sọnù sábẹ́ tábìlì. Màmá ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, àwọn ló bí mi.

Wákàtí méjì ni ti 2011. Cary Fukunaga ló darí rẹ̀, Moira Buffini ló kọ ọ́, Mia Wasikowska àti Michael Fassbender ló ṣe é, Judi Dench sì ni Mrs Fairfax, ìyá tó ń tọ́jú ilé. Àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: Jane ń sá lọ nínú pápá, òjò ń pa á, ó dojúbolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà St John, ẹ̀yìn náà ni ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀. "Ta ló ń lé e? Kí ló jí?" Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí Màmá tó rí ọ̀nà. Ẹni tó ti ka ìwé á gbádùn ọgbọ́n yìí, ẹni tí kò kà á á sọnù díẹ̀. Ó fún St John láyè tó pọ̀ ju bí fíìmù kúkúrú ṣe máa ń fún un lọ, torí ilé rẹ̀ la ti ń wẹ̀yìn. Òun ló sì mú kí àwíjàre Jane lágbára: ọkùnrin kan fẹ́ ẹ láìlẹ́tọ̀ọ́, ìkejì fẹ́ ẹ láìnífẹ̀ẹ́, ó kọ méjèèjì.

Ẹwà rẹ̀ ò kéré. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là àti ti ojú fèrèsé ni gbogbo ilé fi ríran, aṣọ tí Michael O'Connor rán sì wọ àkójọ àwọn tó du Oscar. N kì í fojú kékeré wo aṣọ. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó ṣe tíṣà ní Ifẹ̀ wa yìí, wá sójú fíìmù ní 1997, ẹlòmíràn ti gbàgbé ohun tó ṣe Àjàní, àmọ́ kò gbàgbé ìró kúkúrú àti bùbá yẹn. Aṣọ máa ń sọ̀tàn. Ní ti 2011, ó ń sọ pé ọmọbìnrin yìí kò ní ju ìwọ̀nba aṣọ eérú mélòó kan lọ, síbẹ̀ ó tẹ̀ wọ́n dáadáa.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀dọ̀ ìyálé. A rí i fìrí, ilẹ̀kùn padé. Ó sì parí kíákíá: Jane padà dé ọ̀dọ̀ Rochester tí iná ti fọ́ lójú, wọ́n dì mọ́ra wọn, ó tán. Gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀ láti orí 38 kò sí níbẹ̀, èyí tí Jane fi yíjú sí òǹkàwé pé òun fẹ́ ọkùnrin náà. Etí Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Ọkùnrin ló ń gbéyàwó lọ́dọ̀ wa, obìnrin ń lọ́kọ ni. Jane kò ní ó gbé mi níyàwó. Ó ní, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ó sì ti ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà: arákùnrin bàbá rẹ̀ fi £20,000 sílẹ̀ fún un, ó pín in sọ́nà mẹ́rin fún òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta.

(Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá tọ́ka sí ọgbà ilé Rochester: "A ti wo ilé yìí rí." Òótọ́ ni. Haddon Hall ní Derbyshire ni wọ́n lò fún Thornfield ní 1996, ní 2006 àti ní 2011. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ti jẹun níbẹ̀.)

Èsì tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi nìyí. Bó bá jẹ́ ìdánwò ló ń lé e, kó wo ti 1983, kó ṣí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì máa wo apá méjì méjì lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń yọ nísàlẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ torí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni dátà rẹ̀ lè gbé, tó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sunkún lórí ìwé yìí, ti 2006 ni, kó wò ó nínú yàrá rẹ̀. Ti 2011 wà fún lẹ́yìn tó bá ti ka ìwé. Ti 1943 wà fún alẹ́ òjò. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò gbówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì jẹ dátà tó orin kan.

Mo fi ọ̀kan kún un tí kò béèrè. Ní 1966, Jean Rhys, ọmọ erékùṣù Dominica, kọ Wide Sargasso Sea láti fún ìyálé lẹ́nu. Níbẹ̀, Antoinette ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bertha. Wọ́n ti sọ ìyẹn náà di fíìmù, ní 1993 àti ní 2006. Mo sọ ọ̀rọ̀ orúkọ yìí fún Màmá lórí fóònù. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Wọ́n tún pa orúkọ dà fún un?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì tó aago mẹ́fà, wọ́n tún pè. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé.

"Ìyálé yẹn, ta ló sin ín?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Mo ṣí orí 36, níbi tí onílé ìtura ti sọ fún Jane bí Thornfield ṣe jóná, bí ìyálé ṣe dúró sórí òrùlé, tí irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú iná, bí Rochester ṣe gòkè lọ bá a, àti bó ṣe fò sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ó ti kú bí òkúta tó ṣubú lé. Jane béèrè bóyá ẹlòmíràn bá iná náà lọ. Lẹ́yìn náà, Rochester ni wọ́n ń sọ.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ṣì wà lórí fóònù, mo ń gbọ́ bí àkùkọ wọn ṣe ń kọ ní Iléṣà.